Orí Amọ̀ Tí Ìyá Àgbà Fọ̀

Omi inú igbá ṣàdédé pọ́n. Kànìnkànìn ìyá àgbà dúró sójú kan. Mo rò pé ó ti gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ ni. Kò gé ara rẹ̀. Orí amọ̀ tó gbé sórí itan ló ń ṣàn: ìlà pupa tó ń yọjú lábẹ́ ẹrẹ̀ lánàá ti ń bá omi lọ.

Ọṣẹ dúdú ni ìyá bàbá mi ń sè ní Òkè Baálẹ̀, ní Òṣogbo, kí òmìnira tó dé. Òórùn eérú èèpo kòkó àti àdín ló ń jí wa láàárọ̀. Ibi tó ti ń fọ ìkòkò ọṣẹ létí odò Ọ̀ṣun, nígbà tí omi ti fà, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ orí náà nínú ẹrẹ̀. Ó tó orí ọmọ ọwọ́. Etí rẹ̀ kan ti kán. Aládùúgbò wa kan ní kó dá a padà sódò.

“Ṣé ẹni tó fẹ́ sùn ló ń yọjú?” ni ìyá àgbà fi dá a lóhùn.

Òyìnbó kan tó ń bá ìjọba tọ́jú ohun àtijọ́ gbọ́, ó sì wá. Ó wọ̀n ọ́n, ó yà á sínú ìwé, ó béèrè ibi tó ti jáde gan-an. Ó ní ó ṣì rin jù, ó lè sán nínú mọ́tò. Kó wà lábẹ́ ewé tútù lọ́dọ̀ ìyá àgbà, òun yóò gbé kámẹ́rà wá lọ́la. Yorùbá ló ń sọ, Yorùbá tí ohùn rẹ̀ kò lókè, tí kò nílẹ̀. Kó tó lọ, ó nàka sí orí náà.

“Iya, ẹ jọwọ, ẹ ma fọ ọ.”

“Mo gbọ́, ọmọ mi. Ó wà lọ́wọ́ mi. Kò ní fọ́.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín síra wọn.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tó kírun àárọ̀ tán, ìyá àgbà ṣí ewé. “Ṣé ojú ẹlẹ́rẹ̀ yìí ni wọ́n á yà ní fọ́tò?” Ọṣẹ tó ń fi pa mọ́ fún ọmọ tuntun ló mú. Ó gbá orí náà mọ́ra bí ẹyin.

Òyìnbó dé, òun pẹ̀lú akọ̀wé rẹ̀ tí kò bá a wá tẹ́lẹ̀. Nígbà tó rí igbá, ó jókòó sínú eérú tòun ti ṣòkòtò funfun.

“Iya, mo ni ẹ ma fọ ọ.”

“N ò fọ́ ọ. Wò ó, kò sán níbì kankan.”

Akọ̀wé ló rọra tún un pè. “Ìyá, fọ̀ ni wọ́n ń wí. Bí a ṣe ń fọ aṣọ.”

Ìyá àgbà wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Gbogbo bí odò ṣe fọ̀ ọ́ tó, ìlà rẹ̀ kò lọ. Ọṣẹ tèmi ló mú un lọ.”

Ó wá ti igbá náà síwájú òyìnbó. “N ò tíì dà á nù. Ojú rẹ̀ ló wà nínú omi yìí.”

Òyìnbó kò fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní ká bá òun wá ìgò. A rọ omi pupa náà sínú ìgò àdín, ó fi aṣọ dí i lẹ́nu, ó sì gbé e lọ pẹ̀lú orí náà. Kò sẹ́ni tó mọ bí ìlà ojú yẹn ṣe rí títí di òní.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ fún mi, mo máa ń ní kó tún un wí, n ó sì fàmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí n tó dìde níwájú rẹ̀. Àwọn ọmọ ọ́fíìsì máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ nítorí àmì bíńtín. Mo ti rí ojú tó ṣàn sínú igbá nítorí rẹ̀.