Nọ́ńbà tí Ọ̀rẹ́ Mi Ní Kí N Bá Òun Wò

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé ní Abúlé Òkúta, mo ní ọ̀rẹ́ kan, obìnrin bíi tèmi, tó fẹ́ràn ìṣirò ju eré lọ. Ọmọ apẹja ni, Ìlàjẹ ni wọ́n, etí ọ̀sà ní Bàrígà ni ilé wọn wà. Èmi ọmọ Ọ̀yọ́ ní tèmi, ìṣirò kì í tètè yé mi.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà wa kọ 10,001 sójú bọ́ọ̀dù. Ó ní ẹgbàárùn-ún lé kan yìí kò ṣeé pín dọ́gba, àfi téèyàn bá fi oókan pín in, tàbí kó fi òun fúnra rẹ̀ pín in. Gbogbo wa gbà. Ọ̀rẹ́ mi nìkan ni kò gbà, ó rọra bi mí pé ṣé tíṣà ti dán gbogbo nọ́ńbà wò ni. Látọjọ́ náà, bí a bá ti jáde iléèwé, orí yanrìn létí ọ̀sà la ó wà, tí a ó máa fi igi ṣe ìṣirò. Ẹ̀ta kọ̀. Èje kọ̀. Ẹ̀tàlá kọ̀. Orí mi dàrú. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe gan-an, ó ṣáà ń pín in lọ.

Ó yá, ó dìde ní kíláàsì. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, 73 lọ́nà 137 ni.”

Tíṣà ṣe é fúnra rẹ̀ lójú bọ́ọ̀dù, ó wò ó títí. Ó ní, “Òun ló gbà á. Èmi ni mo ṣì í.”

Ìyẹn gan-an tún da orí mi rú. Àṣé ohun tí gbogbo èèyàn fọwọ́ sí lè má rí bẹ́ẹ̀?

Kò pẹ́ tí ẹja fi wọ́n, bàbá ọ̀rẹ́ mi ní kí wọ́n máa padà sílé ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Lẹ́bàá ọkọ̀ ojú omi, ọ̀rẹ́ mi di ọwọ́ mi mú. “Bá mi wo 10,007. Ohun tó bá pín in, sọ fún mi tí mo bá dé.”

Mo wò ó títí. Mo ń fi nọ́ńbà kan tẹ̀ lé òmíràn pín in títí mo fi kọjá igba, kò sí èyí tó pín in. Mi ò wá mọ̀ bóyá kò sí ohun tó pín in lóòótọ́, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n ti gbé tíṣà lọ síbòmíràn. Ọ̀rẹ́ mi ò sì padà wá.

Láìpẹ́ yìí ni mo sọ ọ́ fún ọmọ-ọmọ mi. Ó tẹ fóònù ẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Màmá, kò sí nǹkan tó pín in.” Ó ní kò tiẹ̀ yẹ kí n kọjá ọgọ́rùn-ún, torí nọ́ńbà méjì tó bá ju ọgọ́rùn-ún lọ, tí a bá fi ọ̀kan lọ́po èkejì, ohun tó máa jẹ́ ti ju 10,007 lọ. Mo ní kó tún un sọ. Kò tíì yé mi tán.

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tiyín, ìdáhùn ti dé kí ìbéèrè tó jókòó. Nígbà tiwa, èèyàn lè gbé ìbéèrè kan dàgbà, kó gbé e darúgbó. Mo ti rí ìdáhùn wàyí o. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún ni mi ò mọ etíkun tó wà.