Omi tí Ọmọ́dára Wọ́n Sórí Ewé Obì

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Ọmọ́dára, àgbẹ̀ olóbì ní Òkukù, nígbà tí òjò ọdún 1996 bẹ̀rẹ̀. Èhù obì kún ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó kù fún un kò lè gbà ju ìdajì wọn lọ. Obì funfun ló ń wá. Ó ti gbin obì funfun rí, ó dúró fún ọdún méje, pupa ni igi so. Kò sí ọdún méje mìíràn tó lè fi ṣòfò.

Oyèwálé, ọmọ yunifásítì tó ń ṣèwádìí àwọ̀ obì, dé láti Ìbàdàn.

"Màmá, àmì àwọ̀ obì ti wà nínú ewé kí igi tó so. DNA là ń pè é. Ẹ já ewé lára èhù kọ̀ọ̀kan, ẹ kó wọn sínú àwọn ọ̀rá yìí, kẹ́ ẹ bá mi ní Ìkìrun lọ́jọ́ Jímọ̀."

Horo kéékèèké tí ń fa omi wà nínú ọ̀rá. Oyèwálé kò sọ ohun tí wọ́n wà fún. Ó ń kánjú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ewé tí Ọmọ́dára já sínú ọ̀rá ti ń gbẹ. Obì tó bá gbẹ ti di òfò. Ewé gbòdògì tútù là ń fi wé e, ká sì máa wọ́n omi sí i. Ó da horo nù, ó wé ewé èhù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó wọ́n omi.

Oyèwálé kò yọjú lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọmọ́dára sùn sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìkìrun, ó ń wọ́n omi láràárọ̀, títí di ọjọ́ Ajé tí ọkùnrin náà dé, tó tú ìdì kan. Ewé ti dúdú, ó ń rùn.

"Háà! Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ wọ́n omi sí i?"

"Ta ló ní kí n má wọ́n ọn? Ṣé òkú ewé lẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ń fẹ́ ni?"

"Gbígbẹ la fẹ́, mà. Èyí ti jẹrà."

"Kò tíì bàjẹ́ jù. Ewé ṣì wà lára èhù. Jẹ́ ká wọkọ̀, tá a bá ti kọjá Inísà, a ti délé."

Oyèwálé wo aago. "Ìbàdàn lọkọ̀ wa ń lọ báyìí. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Èhù ò ní dúró dè ọ́, Oyèwálé."

Ó ti wọkọ̀.

Ẹni tó mọ ìdí tí ewé fi gbọ́dọ̀ gbẹ tí kò sọ ọ́, òun ló ba ewé jẹ́. Kò padà wá.

Ọmọ́dára gbin gbogbo èhù náà, méjì méjì sínú ihò kan. Ó ní bí wọ́n bá so, àdá lòun á fi yan, òun á gé èyí tó bá so pupa. Ọdún 1999 rèé, wọn ò tíì so. Nígbà tí wọ́n bá fi máa so, á ti di ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin. Àdá ò sì ní fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà.