Okùn Ìbàdí Lórí Pápá Ìgandò

Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Ìgandò, òórùn méjì ló máa ń jọ bọ́ sí ènìyàn nímú lórí pápá tó wà lẹ́yìn ilé tí mo gbé nígbà náà: òórùn iyanrìn tútù, àti ti èéfín ààtàn ńlá tí afẹ́fẹ́ máa ń gbé wá láti ojú títì. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ kì í gbọ́ ọ mọ́. Èmi ṣì ń gbọ́ ọ, torí pé kò tíì pẹ́ tí mo kó débẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrúùlú ni, mò ń wá iṣẹ́, mo sì gba yàrá kan nínú ilé bàbá àgbàlagbà kan tí ọmọ rẹ̀ obìnrin jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọkọ nọ́ọ̀sì yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ. Ará Ítálì ni.

Agbábọ́ọ̀lù ni ọkùnrin náà nígbà kan, ọwọ́ ẹ̀yìn ló ń gbá. Mo fẹ́ ṣọ́ra níbí, nítorí àwọn ọmọ àdúgbò máa ń sọ pé ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, pé ó ti fọwọ́ kan ife-ẹ̀yẹ àgbáyé. Kò rí bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó sọ fún mi, díẹ̀díẹ̀, lórí àwọn búlọ́ọ̀kù tí a máa ń jókòó lé lẹ́yìn ìgbáradì, ni pé ìlú kékeré kan létí òkun ni wọ́n ti bí òun. Pé líìgì kejì àti ìkẹta lòun ti lo ọ̀pọ̀ ọdún. Pé sáà kan ṣoṣo lòun fi wà nínú líìgì àgbà, orí ìjókòó àwọn arọ́pò sì lòun ti wo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Orúnkún ló dá a dúró. Lẹ́yìn náà ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, wọ́n ń gbà á, wọ́n ń lé e, láti ẹgbẹ́ kan dé òmíràn, títí kò fi sí ẹgbẹ́ tó tún pè é mọ́. Mo wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rí àwòrán kan tó ti wà ní ìlà ẹ̀yìn, irun rẹ̀ ṣì dúdú, ó na ọwọ́ sókè sí rẹfirí. Ìyẹn nìkan ni mo lè jẹ́rìí sí.

Ó bá ìyàwó rẹ̀ wá sí Èkó nítorí pé bàbá ìyàwó ti dàgbà, kò yẹ kó dá wà. Àwọn alákòóso àdúgbò gbà kí ó máa lo pápá ní ìrọ̀lẹ́, kí ó máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Bó ṣe tún di akọ́nimọ̀ọ́gbá nìyẹn. Ó sọ fún mi nígbà kan pé, "Bí èyí náà bá tán, kò sí òmíràn." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń wá àánú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye tí agogo lù.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò gún, èdè ìyá rẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bá a túmọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé ìwòsàn kò fún un láyè. "Àbúrò, jọ̀ọ́, bá mi máa dúró tì í," ó wí fún mi. "Tí mi ò bá sí ńlé, ṣe ni wọ́n máa ń fọwọ́ júwe fún ara wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú." Ni mo bá di ẹnu rẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tó gbọ́ la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, mo sì ń sọ ọ́ di Yorùbá fún àwọn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ kan ló wà lẹ́nu ọkùnrin náà ṣáá: ìlà. Ó ní àwọn ọmọ wọ̀nyí lágbára, wọ́n lè sáré, ṣùgbọ́n oníkálukú ń gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá jáde lọ pàdé bọ́ọ̀lù, àwọn mẹ́ta yòókù á dúró máa wò ó. Ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ òun ní kékeré lòun máa kọ́ wọn. Ó lọ sí ọjà Ìkọ̀tún, ó ra okùn tí wọ́n fi ń fa omi nínú kànga, ó sì so àwọn mẹ́rin tó ń gbá ọwọ́ ẹ̀yìn pọ̀ ní ìbàdí, ó fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ẹnì kan sí èkejì. Òun alára di orí okùn mú, fèrè wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá fà á sọ́dọ̀, gbogbo ìlà á tẹ̀ lé e. Bó bá dẹ̀ ẹ́, wọ́n á padà sáyè wọn.

"Kóòṣì, tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n mí ńkọ́?" ọmọ tó ń gbá ẹ̀yìn òsì bèèrè.

"Gbogbo wa la jọ máa lọ nìyẹn o," balógun wọn dá a lóhùn. "Ṣáà ti tètè sọ."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún kóòṣì, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́.

Mi ò mọ bọ́ọ̀lù dé ibi tí mo ti lè ṣèdájọ́, ṣùgbọ́n mo rí ohun tí mo rí. Nígbà tó yá, bó bá tú okùn kúrò lára wọn, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì ń rìn bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ kan wá bá wa gbá láti Òkè-Odò, wọn ò ríbi gbà kọjá. Lọ́jọ́ yẹn, kóòṣì ò pariwo rárá. Ó kàn káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ìlà náà bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ojú rẹ̀ sì dà bíi ti àwòrán tí mo rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ẹnìkan tó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé alájà tó kọjú sí pápá ló ká fídíò náà. Mi ò mọ ẹni náà dòní. Fídíò náà kò gùn, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀: ọkùnrin funfun kan di okùn mú, ọmọ dúdú mẹ́rin wà lórí okùn, ó ń fà wọ́n. Bọ́ọ̀lù ò sí nínú àwòrán, torí pé ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, lẹ́bàá gólì, ló wà. Ẹni náà fi í sórí gúrúùpù àdúgbò, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wo ohun tí òyìnbó ń fi ọmọ wa ṣe ní Ìgandò níbí, láyé tá a wà yìí." Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dé Ẹ̀gbẹ́dá àti ibi tó jìnnà ju ibẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé Abúlé Ẹ̀gbá ló fi ránṣẹ́ sí mi, ó ń bèèrè bóyá mo mọ ibẹ̀.

Nígbà tí a dé pápá ní ìrọ̀lẹ́, èrò la bá. Ìyá ọmọ tó ń gbá ẹ̀yìn òsì ló ṣáájú wọn. Ó ń bọ̀ láti ilé ìjọsìn àwọn aláṣọ funfun, sùtánà rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn, kò wọ bàtà. Alága àdúgbò dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba.

"Ta ló ń bá a sọ̀rọ̀ nínú yín?" ìyá náà bèèrè.

"Èmi ni, mà."

"Ó dáa. Bi í fún mi: ewúrẹ́ ló rà ni, àbí ọmọ mi?"

Mo tẹrí ba, mo sì ṣàlàyé. Mo sọ pé ìgbáradì ni, pé ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ni kí ẹsẹ̀ wọn lè ṣọ̀kan, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ kóòṣì náà ní ìlú rẹ̀. Kò sí èyí tí kì í ṣe òótọ́ níbẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ṣé o ti bímọ?"

"Rárá, mà."

"Dákẹ́ ná, jàre."

Ọmọ rẹ̀ bọ́ síwájú. "Màámi, bọ́ọ̀lù là ń gbá o. Kò tiẹ̀ dùn mí. Èmi ni mo ní kí wọ́n so ó le."

"Ìwọ tí wọ́n so, kí lo máa rí níbẹ̀? Àwa tá a wò ó lókèèrè la rí i."

Ọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ṣebí bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn náà nìyẹn? Wọ́n ní eré ni!" Mi ò rò pé bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni èèyàn ti ń tún ìtàn ṣe.

Kóòṣì fọwọ́ kàn mí. Ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀, mi ò rí, mo bá sọ fún un bó ṣe rí: wọ́n ní ó jọ òwò ẹrú. Kò mọ ọ̀rọ̀ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí n tún un sọ. Ẹnìkan nínú èrò gbé ọrùn-ọwọ́ méjèèjì lé ara wọn, ó nà wọ́n sí i lójú, ó wá yé e. Mi ò tíì rí ojú tó ṣófo kíá bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, ìtumọ̀ méjì ni mo lè fún un, mi ò sì bi í léèrè rí èwo ló jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú okùn, ó so ó mọ́ ìbàdí ara rẹ̀, ó fún un le. Ó rìn lọ síwájú ìyá náà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì na orí okùn sí i. Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ kó fa òun kó lè rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ń tọrọ àforíjì.

Ìyá náà kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí àyà. "Rárá o. Ẹ gba okùn yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Kí n wá máa fa ọmọ ọlọ́mọ kiri? Ṣebí ìyá kan ló bí òun náà." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Fóònù ti tún gòkè láàárín èrò, wọ́n tún ń ká a.

"Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun," alága wí. "A ò lé ẹnikẹ́ni o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí pápá sinmi fún ìgbà díẹ̀."

Ìwọ náà mọ ohun tí àgbàlagbà ń wí tó bá ní kí nǹkan sinmi. Kóòṣì ò mọ̀ ọ́n. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń wọ ṣòkòtò ìgbáradì rẹ̀, ó ń gbé fèrè kọ́rùn, ó ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí mo bá ti ń kọjá, á gbójú sókè, èmi á sì yára wọlé.

Mo lọ sílé alága. Ó fún mi ní omi tútù, ó gbọ́ mi dáadáa, ó sì gbà pẹ̀lú mi lórí ohun gbogbo. Mo ní ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é láìlo okùn, sà. Ó ní, "Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Gbogbo ẹ̀ ló yé mi. Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù." Mo jáde láìrí ohun tí mo lè bá a jiyàn lé. Mo lọ bá ìyá náà pẹ̀lú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní òun ò bá òyìnbó náà jà, pé òun tiẹ̀ ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà. Ní àkókò yẹn, ọmọ rẹ̀ ti bá ẹgbẹ́ kan lọ ní Dọ̀pẹ̀mú, àwọn mẹ́ta yòókù sì ti fọ́n ká.

Ìyàwó kóòṣì ló sọ fún mi níkẹyìn pé, "Àbúrò, bá mi sọ fún un pé wọn ò ní ṣí pápá mọ́. Bí èmi bá sọ ọ́, á dà bíi pé mò ń gbè sẹ́yìn àwọn èèyàn mi."

Mo sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó bọ́ fèrè lọ́rùn, ó ń wé okùn rẹ̀ mọ́ ìka. "Níbòmíràn, wọ́n máa ń lé mi torí pé a pàdánù," ó wí. "Níbí, ẹnikẹ́ni ò tíì borí wa." Ó wò mí bí ẹni pé ìdáhùn kan wà tí mi ò tíì túmọ̀ fún un. Kí ọyẹ́ tó dé, òun àti ìyàwó rẹ̀ ti padà sí ìlú rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kò bá wọn lọ. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ló wá ń tọ́jú rẹ̀.

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, mo gbà pé bí a bá rí ẹni tó gbọ́ tọ̀tún-tòsì, tó sì sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ á yanjú. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi nìyẹn, mo sì ṣe é bí mo ti mọ. Mo ti yẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn wò láti ìgbà náà. Ìyá náà ń dáàbò bo ọmọ rẹ̀. Alága ò fẹ́ kí àdúgbò dàrú. Ọkùnrin náà ń fi ohun tí wọ́n fi kọ́ òun kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ká ní ẹnìkan jẹ̀bi láàárín wọn ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Àwọn nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí a tó bí wa, wọ́n sì ti wà lórí pápá yẹn kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó débẹ̀. Mo dúró láàárín, mo gbọ́ gbogbo wọn yékéyéké, gbígbọ́ yẹn náà sì ni gbogbo agbára mi.