Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Pa Láṣẹ

Bí òórùn ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n omi sí bá ti kàn mí nímú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá àgbà mi ní Ẹdẹ ló ń wá sí mi lọ́kàn. Mo ṣì kéré lọ́jọ́ náà, a sì ti kírun àìlà ọ̀sán tán. Àbúrò bàbá mi tó ń kọ́ni ní yunifásítì nàró gbagidi, ó ní, "Ẹ káàsán, Bàbá."

Láti Iléyá tí àbúrò bàbá mi ti ṣíwọ́ ìdọ̀bálẹ̀ ni Bàbá ò ti dá a lóhùn mọ́. Òun náà ti búra pé bí ti òní bá tún rí bẹ́ẹ̀, òun ò ní wálé mọ́.

"Bàbá, amòye ará Jámánì kan wà. Ẹni tó ń túmọ̀ ìwé rẹ̀ fún wa lóde òní sọ pé ọ̀gá tó fipá gba ìkíni lẹ́nu ẹrú, òfo ló gbà. Ẹni tó lè kọ̀ ló lè bọ̀wọ̀ fúnni."

"Ṣé mo rà ẹ́ lọ́jà ni?"

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló máa ra alátakò?"

Bàbá ní, "Ó dáa. Má dọ̀bálẹ̀ fún mi mọ́ láéláé. Káàbọ̀, wọlé."

Ni àbúrò bàbá mi bá nà gbalaja sórí ilẹ̀ tútù náà.

"Ta ló rán ẹ?" Bàbá jágbe, omi sì ń bọ́ lójú wọn.

Gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ mi lójú. Ṣé ìjà ni àbí eré? Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìkíni àkọ́kọ́ tí Bàbá gbà lọ́wọ́ ọmọ wọn láìpa á láṣẹ nìyẹn.

"Dìde jàre," ni Bàbá wí, "kí ará àdúgbò má lọ rò pé èmi ni mo ní kó o dọ̀bálẹ̀."