Iyán Tí Ìyá Àfẹ́sọ́nà Mi Gún fún Mi

Iyán fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lónìí, nílé ìyá àfẹ́sọ́nà mi!

Oṣù mẹ́ta rèé tí nọ́ọ̀sì l'Ádó ti ní kí n má fi iyán, ẹ̀wà àti ata kan ẹnu mọ́. Bí mo bá dán an wò, inú mi á wú, á sì máa pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta.

Mo wọ bólẹ̀kájà lọ sí Igbemo láàárọ̀. Ìlú tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì ni, ìrẹsì ni inú mi sì ń gbà. Ojú tì mí láti sọ̀rọ̀ àìsàn, mo kàn ní, "Màmá, ìrẹsì díẹ̀ ti tó mi, mà."

"Ìrẹsì kẹ̀? Kí ará àdúgbò gbọ́ pé ìrẹsì ni mo fún ìyàwó mi?"

Wọ́n gún iyán títí òógùn fi bo ojú wọn. Ta ni mí tí màá kọ̀ ọ́? Mo gbé òkèlè mẹ́rin mì, mo yìn ín, mo sì sáré gba ṣáláńgá lọ.

Nígbà tí mo padà, Màmá ti jókòó sílé ìdáná, wọ́n ń fi omi gbígbóná po ẹ̀kọ mu.

"Ẹ̀yin ò jẹ iyán ni, mà?"

Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọdún mẹ́fà rèé tí inú mi ti kọ̀ ọ́. Má sọ fún ọkọ rẹ o. Ìwọ tí inú tìẹ gbà á, máa jẹ ẹ́ dáadáa. Mo ti fi iṣu ọ̀la pamọ́ fún ọ."

Iṣu náà rèé lẹ́bàá odó, mò ń wò ó.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé kí n sọ òótọ́ ni, àbí kí n tún gbé e mì?