Ìyá Télọ̀ Nídìí Kíbọ́ọ̀dù

Obìnrin kan wà tó máa ń pè mí ní Tíṣà, bẹ́ẹ̀ ó dàgbà ju ìyá mi lọ. Télọ̀ ni ní ọjà Marché Congo, ní Douala, ní Kamẹrúùnù. Nígbà tí ọ̀dá owó tí wọ́n ń pè ní la crise dé, tí iṣẹ́ wọ́n nílùú, ọkọ rẹ̀, tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún ìjọ wa, padà sí Nàìjíríà lọ wáṣẹ́. Ìyá Télọ̀ wá bẹ èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kíbọ́ọ̀dù pé kí n kọ́ òun náà, kí àga ọkọ òun má baà ṣófo.

Sísọ́ọ̀sì ti mú ìka rẹ̀ le. Tó bá ṣì í tẹ̀, á ní, "Ẹ má bínú, Tíṣà. Ẹ jẹ́ n tú u, kí n tún un rán." Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló gbà láti kọ́. "Bàbá àwọn ọmọ á fi tòsì kún un tí wọ́n bá dé."

Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé pé bàbá àwọn ọmọ ti fẹ́ ìyàwó mìíràn nílé, ní Nàìjíríà. Mo rò pé kò ní í wá kẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Ó wá. Ó gbé ọwọ́ òsì lé kíbọ́ọ̀dù.

"Ẹ kọ́ mi ní tibí náà."

Ó tó ọdún kan kó tó mọ̀ ọ́n. Orin rẹ̀ máa ń falẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró dè é.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, bàbá àwọn ọmọ padà dé, ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì láàárín ìsìn. Ó rìn tààrà wá sídìí kíbọ́ọ̀dù, ó dúró, ó ń retí kí Ìyá Télọ̀ dìde fún òun. Ìyá Télọ̀ ò dẹ́kun orin.

"Ẹ kú àbọ̀," ló wí. "Àyè wà lẹ́yìn."