Ọjọ́ Àìkú Tí Wọ́n Sọ Di Ọjọ́ Ajé

Òórùn èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti bébà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde gbígbóná nínú ẹ̀rọ ló kún ṣọ́ọ̀bù obìnrin tó bá wa tẹ lẹ́tà n'Ìkàrẹ́. Ọdún tí mo ń parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi. Mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ti jàre ẹjọ́.

Màmá mi ló gba kúérì, lẹ́tà ẹ̀sùn, láti ọ́fíìsì ìjọba tó gbà wọ́n síṣẹ́. Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti ń ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan l'Ọ̀kà. Lẹ́tà náà ní àwọn alábẹ̀wò wá lọ́jọ́ báyìí, wọn kò bá a lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó fi hàn pé kò ka iṣẹ́ sí mọ́. Kó wí tẹnu rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Mo gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ màmá mi. Wọ́n ti kọ́ wa nílé ìwé pé kí á tó fèsì lẹ́tà, kí á ya ohun tí ẹni tó kọ ọ́ fojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó kàn rò. Mo fi báírò fa ìlà sábẹ́ "kò ka iṣẹ́ sí mọ́": èrò lásán. Nígbà tí mo dé orí ọjọ́ tí wọ́n kọ, mo dìde lọ wo kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì lára ògiri ilé wa. Ọjọ́ Àìkú ni! Ilé ìwòsàn wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Màmá mi wà láàárín ẹgbẹ́ akọrin lọ́jọ́ náà.

"Ọmọ mi, ẹ kàn bẹ̀ wọ́n," ni obìnrin atẹ̀wé náà wí nígbà tí a gbé èsì wa dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Wọn kì í bá lẹ́tà ìjọba jiyàn."

"Kò kan ẹ̀bẹ̀, mà. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ."

Ó wò ó, ó mi orí, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èsì dé. Àṣìṣe ìtẹ̀wé ló wọ lẹ́tà àkọ́kọ́, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni kí á kà á sí; kí màmá mi sì jókòó sílé ná.

"Ọjọ́ Ajé yẹn kẹ̀?" ni màmá mi wí. "Ọjọ́ tí a gbẹ̀bí ìbejì nìyẹn!"

Èmi ni mo fi ibi tí irọ́ wọn ti ń jò hàn wọ́n, wọ́n sì ti dí i.

A tún kọ̀wé pé ìbí ìbejì náà wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn, ọwọ́ màmá mi ló sì kọ ọ́. Ọ́fíìsì ní ìwé náà wà lọ́dọ̀ àwọn, àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. A ní kí wọ́n fi hàn wá. Wọn ò fèsì. Mo wá lọ bá nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ń bẹ iṣu lẹ́yìnkùlé rẹ̀, kò gbójú sókè.

"Mo mọ̀ pé màmá rẹ wà níbẹ̀, ọmọ mi. Bí wọ́n bá wá gbé lẹ́tà tèmi náà dé ńkọ́?"

Mi ò lè bínú sí i. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn kò ju ìlà márùn-ún lọ: wọ́n ti yọ màmá mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Màmá mi fọ yunifọ́ọ̀mù wọn, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n ká a sínú láílọ́ọ̀nù, wọ́n ní kí n lọ dá a padà. Ẹni tó gbà á kò bi mí pé ta ni mí. Ó jù ú sórí àwọn fáìlì tó wà nílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni màmá mi sọ ọ́, ní èdè Ọ̀kà wa, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé bóyá ká ní a bẹ̀ wọ́n ni. Mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti ní ẹni tí wọ́n fẹ́ fi sípò náà kí wọ́n tó kọ lẹ́tà kankan.

Èmi náà ti di olùkọ́ báyìí. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń ya ohun tí a rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a rò, wọ́n sì ń tètè mọ̀ ọ́n. Bí o bá gbé lẹ́tà fún mi lónìí, màá rí ibi tí irọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí màá lọ sọ ọ́ fún ni mi ò tíì rí.